Kílíníìkì òfin: níbi tí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ń di iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́

Kílíníìkì òfin ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nínú ìṣòro lóòótọ́, tí olùkọ́ tó jẹ́ lọ́yà sì ń ṣọ́ ọ. Ẹgbẹ́ NULAI, ìyẹn àjọ tó ń so àwọn kílíníìkì òfin yunifásítì pọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, ti bá ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà dá a sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ò láṣẹ àtirojọ́ níwájú adájọ́. Kí ló wá kù tó lè kọ́?

Ẹ jẹ́ ká ní ọlọ́pàá gbé mẹkáníìkì kan ní oríta Ọláìyá, l'Óṣogbo, lọ́jọ́ Ajé, kò sì kúrò ní sẹ́ẹ̀lì títí di Ọjọ́bọ̀. Abala 35 òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní bí kóòtù tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè fi dá a dúró kí wọ́n tó gbé e débẹ̀ (àfi ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú). Kóòtù ò wọ́n l'Óṣogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa rò pé ẹjọ́ ti parí.

Iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Lábẹ́ ìlànà 2009 tí wọ́n fi ń pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́, ìwé ló ń rojọ́ ju ẹnu lọ, afidáfíìtì, ìyẹn ìwé ìbúra, ló sì le jù nínú wọn. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ò gba àríyànjiyàn níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló ń fẹ́. Kọ "wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ mi mọ́lẹ̀", olùkọ́ á fa gègé kọjá lórí rẹ̀. Aago mélòó ni wọ́n gbé e? Ta ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un? Owó béèlì (tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni!), àkáǹtì ta ni wọ́n san án sí? Ìyàwó mẹkáníìkì ò ní sọ ọ́ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Orí owó ilé ìwé ọmọ ló máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu á pàdánù orúkọ ọlọ́pàá tó gbowó. Lójú tèmi, ìjókòó yẹn ju lẹ́kíṣọ̀ mẹ́wàá lọ. Ọjọ́ 5 ni ìlànà fún ọlọ́pàá láti fèsì. Bí wọ́n bá búra pé ọjọ́ kejì ni àwọn ti fi í sílẹ̀, ihò inú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ á hàn kedere.

Àwọn ẹjọ́ kan tiẹ̀ wà tí òtítọ́ ò fara sin, ìgbàgbọ́ ló ń fa wàhálà. Ní June 3, 2016, Adájọ́ Jide Falola dá a l'Óṣogbo pé kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù lọ sílé ìwé ìjọba. Láìpẹ́, àwọn ọmọ ilé ìwé Kìrìsìtẹ́nì kan wọ aṣọ kúáyà lọ kíláàsì n'Ìwó láti fi tako ìdájọ́ náà. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ọmọ ìjọ ni máa ní kó kọ ìwé àwọn Mùsùlùmí, kí ọmọ Mùsùlùmí sì kọ ti ìjọ.