Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ariwo Omi Ọkọ̀ Ti Ń Wá

Ọ̀nà tó ti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja, àti èyí tó gba Ìsánlú kọjá sí Ẹ̀gbẹ̀, máa ń dán ọkọ̀ wò. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ gegele, kòtò kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sáré, oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń fi kún un. Bí ọkọ̀ bá wá ń ké, ohun tí awakọ̀ máa ń sọ fún mẹkáníìkì kò ju "ó ń dún ṣíì" tàbí "ó ń dún kíkíkí" lọ. Ìyẹn kò tó. Ìgbà tí ariwo ń dún máa ń tú àṣírí rẹ̀ ju bó ṣe ń dún lọ: ṣé àárọ̀ tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù ni, ṣé orí òkè ni, ṣé ìgbà tí ọkọ̀ dúró níwájú ọlọ́pàá ojú títì ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n pa á tán?

Wọ́tà pọ́ǹpù ló ń ti omi tàbí kúláǹtì kiri inú ẹ́ńjìnì. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣì tutù, tẹmositáàtì á ti ọ̀nà rédíétọ̀ pa, omi á kàn máa yípo nínú ẹ́ńjìnì. Tó bá gbóná dé nǹkan bíi 82 sí 95 lórí ìwọ̀n Celsius, tẹmositáàtì á ṣí, omi á wọ rédíétọ̀, atẹ́gùn á sì mú un tutù. Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ọmọrí lásán. Ó ń há agbára ooru mọ́ inú. Tó bá há a dé nǹkan bíi 1 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára yìí), omi tó yẹ kó hó ní 100 kò ní hó títí yóò fi sún mọ́ 120. Ìdí nìyí tí ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti kú fi lè mú kí ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le hó lórí òkè.

Ariwo tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó ń dún gbùlùgbùlù lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ìgbà tí èèyàn ń da omi láti inú kèrègbè. Afẹ́fẹ́ ló wọ inú omi. Hítà, tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì máa ń ga ju ọ̀pọ̀ ibi tí omi ń gbà lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń sá sí. Ta ló ń tan hítà ní Kogi? Èyí ló fà á tí àwọn mẹkáníìkì kan fi máa ń gé e kúrò lójú ọ̀nà omi bó bá ti ń jò, tí wọ́n á so hóòsì méjèèjì rẹ̀ pọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dún lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ lè ṣì há síbòmíràn.

Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ hóòsì tàbí rédíétọ̀ ni gbùlùgbùlù náà bẹ̀rẹ̀, kò le. Wọn kò lé afẹ́fẹ́ jáde tán ni. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sórí ibi tó dagun, orí rẹ̀ á kọjú sókè (ibi tó dagun kò wọ́n ní Kàbà), wọ́n á ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, wọ́n á tan hítà dé ìwọ̀n ooru tó ga jù, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí tẹmositáàtì yóò fi ṣí. Bí omi bá ti ń relẹ̀, wọ́n á máa fi kún un títí ìfófòó yóò fi dáwọ́ dúró.

Èyí tó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù. Omi ń lọ síbì kan. Ó lè máa jò sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, ti jó, tí èéfín inú ẹ́ńjìnì fi ń wọ inú omi. Láti mọ̀, wọ́n á ṣí ìdérí láàárọ̀, wọ́n á ṣíná. Bí ìfófòó bá ń jáde láìdáwọ́ dúró nígbà tí ẹ́ńjìnì kò tíì gbóná rárá, tàbí tí hóòsì òkè (èyí tó wọ orí rédíétọ̀) bá le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dé ìdérí padà, ó di dandan kí wọ́n yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì wò.

Ariwo tó ń yára bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yára, ti bẹ́líìtì tàbí ti pọ́ǹpù ni. Bó bá ń han gooro, a lè ta omi díẹ̀ sí bẹ́líìtì náà. Bí ariwo bá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ tàbí bí àwọn púlì (kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí bẹ́líìtì ń yí) ṣe tò ló níṣòro. Bí ariwo bá tún pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ti dẹ̀. Bó bá ń lọ ata, tó ń dún kùrùkùrù, bẹ́rììnì wọ́tà pọ́ǹpù ni ká fura sí. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ pọ́ǹpù náà; bí ojú omi tó gbẹ bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, pọ́ǹpù ló bàjẹ́. Bí kò bá sí, wọ́n á pa ẹ́ńjìnì, wọ́n á yọ bẹ́líìtì, wọ́n á fọwọ́ mi púlì pọ́ǹpù. Kò yẹ kó mì. Ọgbọ́n yìí kò kan Honda Accord oní-plọ́ọ̀gì mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Baby Boy, nítorí bẹ́líìtì tó wà nínú, èyí tí a kì í rí láìtú nǹkan, ló ń yí pọ́ǹpù tirẹ̀.

Èyí tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó dákẹ́ lójú eré, ti fáànù ni: abẹ́ rẹ̀ ń gbá ike tó yí i ká, tàbí mọ́tò rẹ̀ ti jẹ. Tan AC, fáànù á ṣiṣẹ́, etí á sì gbọ́ ọ kedere. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ǹtì jáde ní Ọbàjànà ní fáànù tí ẹ́ńjìnì ń yí. Bí fáànù náà bá pariwo bí ìjì nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bó bá ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ tútù tí kò sì jáwọ́, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, èyí tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnì, ti há.

Ká pa ọkọ̀ tán kí fáànù ṣì máa yí, tàbí kí irin máa dún tá, tá bó ṣe ń tutù, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣíììì tó bá ń ti ìdérí wá ní àbùkù. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, tí hóòsì òkè wá lẹ̀ mọ́ra pẹlẹbẹ, ìdérí náà kò jẹ́ kí omi padà láti inú ike ìpamọ́ omi. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀; kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì.

Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n yọ tẹmositáàtì jù sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnì á pẹ́ kó tó gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, á máa mu epo, ohun tó fa ooru gan-an á sì wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnì ni omi ti ń hó, tí gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀ ń dún lórí òkè, tí abẹ́rẹ́ ooru sì ti wọ ibi pupa, ẹ pa AC, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí títí hóòsì òkè yóò fi rọ̀, tí ọwọ́ á sì lè gbà á mú láìjó. Ìyẹn lè ju ìdajì wákàtí lọ. Bí omi bá ń bọ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì, ẹ rọra dà á, nítorí omi tútù lójijì lè mú kí irin tó ṣì gbóná là.