Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n kà ní Texas ló lè dìbò

Bí ìbò Amẹ́ríkà bá ti ń sún mọ́lé lẹ óò máa gbọ́ ọ: àwọn Látínò, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò àtàwọn ilẹ̀ Látìn Amẹ́ríkà yòókù, ti kún ìpínlẹ̀ Texas, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ló máa wọlé níbẹ̀. Pé wọ́n pọ̀, òótọ́ ni. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, àwọn òyìnbó tí kì í ṣe Látínò jẹ́ ìdá 39.7 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn Látínò jẹ́ 39.3. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò sọ́tọ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ìdá tó jẹ́ ti Látínò ò ju nǹkan bíi 30 lọ.

Púpọ̀ nínú èyí tó dín yẹn ló ṣì wà níléèwé. Láàárín àwọn ọmọ Texas tí kò tíì pé ọdún 18, Látínò sún mọ́ ìdajì. Àwọn yòókù dàgbà, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń san owó orí, àmọ́ wọn kì í ṣe sítísìn. Ìyẹn ò kan àwọn tó ń ka èèyàn. Ẹni tó bá ti ń gbé inú ilé, wọ́n á kà á, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ì báà má ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Àwọn ará wa ní Houston ò ní í jiyàn èyí. Ẹni tó ní green card, wọ́n ti kà á mọ́ aláwọ̀ dúdú Texas, síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dìbò. Ọdún 5 ló sábà máa ń lò kó tó lè béèrè fún sítísìn, 3 tó bá fẹ́ ọmọ ibẹ̀ tí wọ́n sì jọ ń gbé, ìdánwò àti ìbúra ṣì wà níwájú. Tí wọ́n bá wá bi í níbi tó ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ pé ṣé ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, tó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láìwo ìwé tó ń fọwọ́ sí, ó lè di ọ̀rọ̀ pé kó máa bọ̀ nílé.

Ìkànìyàn 2020 ò tilẹ̀ béèrè bóyá èèyàn jẹ́ sítísìn. Ìjọba Trump fẹ́ fi ìbéèrè náà kún un, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò gbà lọ́dún 2019. Inú ìwádìí ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe láàárín àwọn ìdílé díẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò iye àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́.

Ká tiẹ̀ ní gbogbo wọn lè dìbò, ta ló sọ pé ibì kan náà ni wọ́n máa tẹ̀ka sí? Ní agbègbè Starr ní Texas, létí ààlà Mẹ́síkò, níbi tó jẹ́ pé Látínò ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ará ibẹ̀, Hillary Clinton gba nǹkan bíi ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní 2016. Ní 2024, Trump ló wọlé níbẹ̀.

Àwọn tí kò lè dìbò yìí náà ló jẹ́ kí Texas gbèrú. Torí iye èèyàn tí wọ́n kà ní 2020, ìjókòó rẹ̀ nílé aṣòfin kékeré l'Amẹ́ríkà kúrò ní 36, ó di 38. Àwọn kan pẹjọ́ pé olùdìbò nìkan ló yẹ kí wọ́n máa kà tí wọ́n bá ń pín ẹkùn sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà. Lọ́dún 2016, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló sọ pé Texas lè máa ka gbogbo èèyàn, tọmọdé tàgbà.