Béèsì Kún Ẹnu Ọ̀nà, Kò Dé Orí Àga

Ìbéèrè: Mo ra subwoofer oníínǹṣì 12, ìyẹn sípíkà tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ béèsì nìkan, fún pálọ̀ wa. Pálọ̀ náà tóbi, kò sí ògiri láàárín òun àti ibi ìjẹun, ilé ìdáná náà sì ṣí sílẹ̀ lápá òsì. Ní ṣọ́ọ̀bù, béèsì ẹ̀ ń gbá mi láyà. Nílé, bí mo bá jókòó, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń gbá páálí nínú yàrá kejì. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde lọ mu omi, tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, béèsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Béèsì tẹ́ ẹ̀ ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé wúfà yín ń ṣiṣẹ́. (Subwoofer ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, wúfà ni mo máa pè é níbí, torí bẹ́ẹ̀ náà là ń pè é.)

Béèsì kì í tàn ká inú yàrá bí iná gílóòbù ṣe ń tàn. Ìgbì ni. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó bá ń gbọ̀n nígbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà, ìyẹn 40 Hz, ìgbì ẹ̀ kan ṣoṣo gùn tó mítà mẹ́jọ àtààbọ̀. Ti 20 Hz, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá fún etí èèyàn, gùn tó mítà 17. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kò ráyè nà tán nínú pálọ̀. Á lọ kọlu ògiri, á padà, á wá pàdé ara ẹ̀ lójú ọ̀nà. Níbi tí èyí tó ń lọ àtèyí tó ń bọ̀ bá ti gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, béèsì á wú. Níbi tí ọ̀kan bá ti ń tì tí èkejì ń fà, á pòórá.

Ẹ jẹ́ ká mú pálọ̀ tó gùn ní mítà 6 láti ògiri iwájú dé ti ẹ̀yìn. Ohùn tó máa kọ́kọ́ há sáàárín ògiri méjèèjì ni nǹkan bíi 29 Hz. Á pọ̀ gan-an létí ògiri, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láàárín gbùngbùn. Ibo wá lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé àga sí nínú pálọ̀ ńlá? Àárín gbùngbùn náà ni. Tó bá wá di 57 Hz, ọ̀rọ̀ á yí: àárín á kún, ibi tó fi mítà kan àtààbọ̀ jìnnà sí ògiri ló máa ṣófo. Ìdí nìyẹn tórin kan fi lè dún dáadáa lórí àga kan náà, kí òmíràn sì dà bí ẹni tí kò jẹun láti àná.

Ìbéèrè: Pálọ̀ wa kò ní ògiri lápá kan. Ṣé ìyẹn dín ìṣòro kù ni àbí ó dá kún un?

Ìdáhùn: Méjèèjì. Wúfà kò mọ ibi tẹ́ ẹ ní pálọ̀ parí sí. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá ti kan ara wọn láìsí ilẹ̀kùn láàárín ló fẹ́ mì. Ká ní pálọ̀ jẹ́ mítà 6 sí 5, tí òrùlé sì ga ní mítà 3, kúbíìkì mítà 90 nìyẹn. Ẹ fi ibi ìjẹun, ilé ìdáná àti ọ̀nà àtẹ̀gùn kún un, á lé ní 200 kíákíá. Iṣẹ́ tí wúfà ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe 90 tó wà lójú yín. Mọ́tò ni kẹ́ ẹ wò: wúfà kékeré ń mì í tìtì torí pé inú ẹ̀ kéré, ó sì dé pa, afẹ́fẹ́ tí wọ́n tì kò ríbi sá lọ. Nínú pálọ̀ tó ṣí, ó ríbi sá lọ.

Oore tó wà ńbẹ̀ ni pé níhà tí kò sí ògiri, ohùn kì í há tó bẹ́ẹ̀. Béèsì tó ń fà gbuu lẹ́yìn tí ìlù ti dákẹ́, tó máa ń bá yàrá kékeré onígun mẹ́rin fínra, kì í sábà pọ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ó dáa, ṣé kí n lọ pààrọ̀ ẹ̀ sí oníínǹṣì 15 tó ní wáàtì tó pọ̀ ni?

Ìdáhùn: Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí àga yín bá wà nínú ihò tí béèsì ti ń pòórá, wúfà tó tóbi jù yìí lọ á kàn sọ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná di ibi tí èèyàn ò lè kọjá ni. Ẹ kọ́kọ́ wá ipò fún un.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì rà á, tí pálọ̀ ẹ̀ sì tóbi, ohun tí mo máa sọ fún un nìyí. Kó gbójú kúrò lára wáàtì. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, dB 3 péré (dB la fi ń wọn bí ohùn ṣe ń dún tó) ló fi kún ohùn: etí á mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí à ń fò sókè lé lórí. Èyí tí wọ́n kọ PMPO sí lára, ìyẹn iye tó lè yọ lójijì fún ìgbà kúkúrú, kó má tiẹ̀ kà á rárá. RMS, ìyẹn èyí tó lè máa gbé jáde láìdáwọ́dúró, ni wáàtì tó ní láárí. Ohun tó ń dá béèsì sílẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ tí kóònù ń tì, ìyẹn abala rìbìtì tó ń jó lọ síwájú sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí 20 Hz dún tó 40 Hz, afẹ́fẹ́ tí kóònù máa tì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ibẹ̀ ni wúfà oníínǹṣì 8 ti máa ń kú sí ojú ọ̀nà nínú pálọ̀ ńlá.

Ti àpótí ńkọ́? Ó pín sí méjì: èyí tó dé pa, àtèyí tó ní ihò. Afẹ́fẹ́ inú ihò yẹn máa ń bá kóònù ti ẹrù ní ìsàlẹ̀, nítorí náà òun ni mo fara mọ́ fún pálọ̀ tó ṣí. Àléébù ẹ̀ ni pé tí ohùn bá ti lọ sísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ṣe ihò náà fún, ó máa ń já wálẹ̀ lójijì, dB 24 fún ìdajì kọ̀ọ̀kan tí Hz bá fi dín kù. Ti àpótí tó dé pa jẹ́ 12. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé wúfà kan ń lọ dé 25 Hz, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ±3 dB sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyẹn pé títí dé ibẹ̀, ohùn náà kò fi ju dB 3 lọ gòkè tàbí wálẹ̀. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ó lè jẹ́ pé ó dé ibẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kó jẹ́ pé òun nìkan ló gbọ́ ara ẹ̀.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n gbé e sí, nígbà náà? Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé igun ògiri.

Ìdáhùn: Igun ògiri ló máa ń mú un dún jù, wọn ò parọ́. Ilẹ̀ àti ògiri méjì á jọ ti ohùn náà padà sínú yàrá, ìyẹn ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n igun yẹn náà ló máa ń jí gbogbo ohùn tó ń há sáàárín ògiri yàrá, èyí tó dáa àtèyí tí kò dáa. Nínú pálọ̀ tó gba béèsì lọ́wọ́ èèyàn, mo máa ń fi igun bẹ̀rẹ̀, mi ò kàn ní fi búra ni.

Ọ̀nà tó dájú jù nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń múni tijú díẹ̀. Ẹ gbé wúfà gorí àga tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí. Ẹ wá gbé etí yín lọ sí ibi tẹ́ ẹ rò pé wúfà lè wà. Ohun tí wúfà tó wà lórí àga bá jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ níbẹ̀ lẹ máa gbọ́ lórí àga bẹ́ ẹ bá gbé e lọ síbẹ̀: ọ̀nà tí ìgbì bá gbà lọ, ibẹ̀ náà ló máa gbà bọ̀.

Nígbà tí mo ṣe tèmi, mo tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́ ẹ̀ kó má baà ya àga. Mo fi ohùn kan sí i tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 30 Hz dé 80 Hz, tó tún ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rákòrò létí ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbi tí wúfà wà tẹ́lẹ̀, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó dé nǹkan bíi 45 Hz, ó dákẹ́ bíi pé wọ́n fa wáyà yọ, ó tún jáde lókè. Ní igun, ó ń bú. Mo sún kúrò ní igun náà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó wá dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dókè. Mo fi téèpù sàmì sílẹ̀. Ọmọ mi tó ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ní ṣé owó mi ló bọ́ ni.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ wà o. Bẹ́ ẹ bá dúró, etí yín ti kúrò níbi tí wúfà máa wà. Kẹ́ ẹ má sì wá ibi tó dún jù, ibi tí ohùn ti dọ́gba lẹ̀ ń wá.

Bí ibi tó dọ́gba bá bọ́ sí ẹ̀yìn àga tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ yọ̀. Nínú pálọ̀ tó ṣí, wúfà tó wà nítòsí olùgbọ́ ń ṣe wẹ́rẹ́ ohun tí èyí tó wà lọ́nà jíjìn fi ipá ṣe, torí pé ẹ ti gbọ́ ọ kó tó ráyè tú ká sínú ilé ìdáná.

Ìbéèrè: Ẹ ò bínú, ṣé wúfà méjì kò ní yanjú ẹ̀?

Ìdáhùn: Á yanjú púpọ̀ nínú ẹ̀, pàápàá bí ó bá ju ẹnì kan lọ tó ń jókòó sí pálọ̀. Lọ́dún 2002, Todd Welti tó ń ṣiṣẹ́ ní Harman, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ohùn, gbé ìwádìí jáde lórí iye wúfà tó tó fún yàrá kan. Ó rí i pé nínú yàrá onígun mẹ́rin, méjì tó dojú kọra láàárín ògiri méjì ń ṣe dáadáa, mẹ́rin dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrè tó wà nínú pé kó ju mẹ́rin lọ kò sì tó nǹkan. Pálọ̀ tiyín kì í ṣe onígun mẹ́rin, nítorí náà ẹ má ṣe ẹ̀dà àwòrán rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa mú níbẹ̀ ni ìdí ẹ̀: ihò tí wúfà kan gbẹ́, ìyẹn ibi tí béèsì ẹ̀ ti ń pòórá, èkejì lè dí i, torí wọn kì í gbẹ́ ihò síbì kan náà.

Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra oníínǹṣì 15 kan, èmi á fi wá oníínǹṣì 12 méjì bó bá tó o. Kóònù méjèèjì lápapọ̀ fẹ̀ ju ti 15 yẹn lọ.

Ìbéèrè: Àwọn bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Èyí tí wọ́n kọ CROSSOVER sí ló ń sọ ibi tí ohùn ti ń kúrò lọ́wọ́ wúfà bọ́ sọ́wọ́ sípíkà yòókù. Bí ampilifáyà yín bá ti ń pín béèsì fúnra ẹ̀, ẹ yí i dé òpin lókè, kẹ́ ẹ wá fi 80 Hz sínú ampilifáyà. Lókè ibẹ̀, etí á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ apá ibi tí béèsì ti ń bọ̀, pàápàá tí wúfà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. PHASE ló ń jẹ́ kí wúfà àti sípíkà jọ máa tì, kí wọ́n jọ máa fà: ẹ jókòó, kí ẹlòmíràn máa yí i láti 0 sí 180 nígbà tí ohùn 80 Hz ń dún nínú wúfà àti sípíkà iwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó bá ti dún jù ni kẹ́ ẹ fi sí. Máíkì tí wọ́n fi sínú páálí ampilifáyà wúlò, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gé ibi tó wú. Ihò ni kò lè dí. Bí ó bá fẹ́ fi dB 10 dí ihò, ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì ló máa ná, ihò náà á sì tún gbé e mì.

Ìbéèrè: Mo ti gbé e sí ibi tẹ́ ẹ sọ, ó dára lọ́sàn-án. Lálẹ́ tí mo bá dín ohùn kù káwọn ọmọ lè sùn, béèsì á tún lọ. Ibo ni mo ti ṣe é kù?

Ìdáhùn: Ẹ ò ṣe nǹkan kan kù. Etí ni. Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì kan, ti wọ̀n ọ́n lọ́dún 1933 pé bí ohùn bá ti lọ sílẹ̀, béèsì ni etí wa máa ń kọ́kọ́ pàdánù. Bí ampilifáyà yín bá ní bọ́tìnnì LOUDNESS, alẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Bí kò bá ní in, ẹ gbé wúfà nìkan sókè ní dB 3 tàbí 4, kẹ́ ẹ sì rántí dá a padà láàárọ̀. Èmi gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, gíláàsì fọ́tò tó wà lára ògiri ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn.