Ibi tí iyàn fíìmù àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó

Ẹ kàn dárúkọ Fádèyí Olórò, ákítọ̀ fíìmù Yorùbá àtijọ́, níbi tí èèyàn mẹ́ta bá jókòó sí ní Mushin, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá wá ti parí nìyẹn. Ẹnìkan á bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀, èkejì á ní inú fíìmù yẹn kọ́ ni ọfọ̀ yẹn wà, ẹ̀kẹta tí ò rántí nǹkan kan á kàn máa kọrin inú ẹ̀, ọ̀rọ̀ orin náà ò sì ní bá ti inú fíìmù mu rárá. Àwọn kan ní Wásáàpù ló kó àrùn yìí ràn wá. Irọ́ ni jàre, ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Glover Hall lórí erékùṣù Èkó ni ọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han aráàlú, lóṣù kẹjọ ọdún 1903, iléeṣẹ́ òyìnbó kan láti Barcelona ló gbé e wá. Àwòrán ìgbà yẹn kì í sọ̀rọ̀, mi ò sì rò pé ará Èkó lè jókòó síbẹ̀ kó panu mọ́. Nígbà tó yá ilé sinimá wá pọ̀, Casino wà ní Yaba, Danjuma àti Pen wà ní Agége, Pen Cinema yìí náà ni kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣì ń pariwo títí dòní o. Fíìmù kọ́bọ́ì, ti Ṣáínà, ti Íńdíà. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ákítọ̀ kì í kú. Orin Íńdíà ńkọ́? Ẹni tí ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn á kọ ọ́ tán, á tún sunkún síbi tó yẹ kéèyàn ti sunkún.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe ilé sinimá ló bí iyàn yìí gan-an, àwọn onítíátà alárìnkiri ni. Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1945, orin ni wọ́n fi máa ń ṣí eré, orin yẹn làwọn èèyàn ń gbé lọ sílé. Ó gbé eré Yorùbá Ronú jáde lọ́dún 1964, ìjọba ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn bínú, wọ́n fòfin dè é, àfìgbà tí Fájuyì, gómìnà ológun, dé lọ́dún 1966 kó tó bọ́. Ẹ sì rántí pé Mushin wà lábẹ́ ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn nígbà yẹn, Èbúté Mẹ́tta ò sí níbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, òfin yẹn ò sì dé ibẹ̀. Ohun tí ọ́n bá ti ní kéèyàn má wò, ṣé kò ní béèrè ohun tó wà níbẹ̀ ni?

Lẹ́yìn náà ni àwọn onítíátà wọ inú fíìmù. Fíìmù Àjàní Ògún jáde lọ́dún 1976, Ògúndé gbé Ayé jáde lọ́dún 1979. Ibí yìí ni mo ń bọ̀. Ẹ̀dà fíìmù ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn fúnra wọn ló ń gbé e kiri bí wọ́n ṣe ń gbé eré kiri tẹ́lẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ẹnikẹ́ni má lọ dà á kọ. Nígbà ọdún, Iléyá tàbí Kérésì, wọ́n á gbé e wá sí National Theatre n'Ígànmú, tó bá ti lọ ó lọ nìyẹn, tó ò bá lówó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà, ẹnu ẹni tó wò ó lo máa fi wò ó. Ẹni yẹn á sì fi iyọ̀ sí i. Ẹlòmíì tóun náà wà níbẹ̀ á ní irọ́ lò ń pa, àjẹ́ yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀! Kò sí kásẹ́ẹ̀tì tí ọ́n fẹ́ fi parí ìjà, ẹni tóhùn ẹ̀ bá ròkè jù ló borí.

Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n wá ṣẹ sí Baba Sàlá aláwàdà lára. Ọ̀run Móoru tó ṣe lọ́dún 1982, ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ gbòde kan, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé lọ́dún 1986 tí náírà já wálẹ̀, fíìmù gidi tí kì í ṣe ti fídíò di ọ̀wọ́n, olè ò sì jẹ́ kéèyàn lè jáde lálẹ́ mọ́. Bí fídíò ṣe wọlé nìyẹn. Adé Ajíbóyè ti fi fídíò ya fíìmù Yorùbá lọ́dún 1988, Kenneth Nnebue náà ti ń ṣe ti Yorùbá kó tó gbé Living in Bondage jáde lédè Ìgbò lọ́dún 1992, Ìdúmọ̀tà wá di ọjà fíìmù.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ọ́n yá fún alẹ́ kan, gbogbo kọmpáùndì ló máa wò ó, wọ́n á dá a padà sẹ́yìn, wọ́n á tún wò ó. Níbẹ̀ ni oríṣiríṣi ìwà ti jáde. Ẹnìkan á máa sọ ọ̀rọ̀ kó tó jáde lẹ́nu ákítọ̀. Òmíì ò mọ orúkọ Ọ̀jọ́ Arówóṣafẹ́, Fádèyí ló mọ̀, nígbà tí ọkùnrin náà ṣì wà láyé, ó dẹ̀ lè pàdé ẹ̀ ní títì kó sá. Èmi o, mi ò lè wo apá kejì láìjẹ́ pé mo ti gbọ́ ìparí ẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíì, ìyàwó mi ní wèrè ni.

Silverbird ṣí ilé sinimá tiẹ̀ ní Victoria Island lọ́dún 2004, ibẹ̀ tutù, gúgúrú wà, gbogbo èèyàn sì dákẹ́. Fíìmù tó ń jáde báyìí mọ́lẹ̀ ju ti Ìdúmọ̀tà lọ, mi ò jiyàn, àmọ́ mi ò rí ẹni tó ń jà nítorí wọn. Àwọn tí ọ́n bí lẹ́yìn 2000 máa bínú sí mi. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi látinú èyí tí ọ́n wò lóṣù tó kọjá.