Bí Dọ́là Ṣe Ń Jẹ Owó Oògùn

Náírà ni a fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní kẹ́mísìtì. Ṣùgbọ́n China tàbí India ni èròjà inú rẹ̀ sábà máa ń ti wá, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ra ìyẹn.

Lọ́dún 1986, ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé. Ìjọba dín ìnáwó kù, wọ́n sì ní kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí náírà jẹ́. Dọ́là kan tí kò tó náírà 2 tẹ́lẹ̀ kọjá 4 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́dún 1987, àwọn mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò ní Bamako, olú ìlú Mali, pé kí aláìsàn máa san nǹkan lórí oògùn, kí owó náà lè ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí: oògùn ọ̀fẹ́ tí kò sí lórí pẹpẹ kò lè wo ẹnikẹ́ni sàn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà ṣì ń lo owó tí ń yí po yìí.

Ká ní ₦200,000 ni ilé ìwòsàn kan fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ra páálí oògùn 100 ní ₦2,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ₦400 lé páálí kọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo rẹ̀ bá tà tán, ₦240,000 wọlé. ₦40,000 tó lé yẹn ni owó ọkọ̀, oògùn tó bàjẹ́, àti ti aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́. Bí iye ọjà kò bá yí padà, owó á máa yí lọ. Ṣùgbọ́n bí páálí bá ti di ₦4,000 kí wọ́n tó padà lọ rajà, àní bí wọn ò bá tíì ná nínú ₦40,000 yẹn, 60 péré ni ₦240,000 máa rà. Kò sẹ́ni tó jalè. Ìwé ń fi èrè hàn, pẹpẹ ń ṣófo. Ọ̀nà àbáyọ kan ni pé kí wọ́n fi iye tí wọ́n máa rà á padà díye lé e, kì í ṣe iye tí wọ́n rà á. Orí aláìsàn sì ni ẹrù náà máa já lé.

Ní oṣù kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ tún tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 kọjá ₦1,500 kó tó di ìparí oṣù kejì 2024. Ní oṣù kẹjọ 2023 kan náà ni ilé iṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Ìnhélà Ventolin wọn, tí àwọn tó ní ikọ́ fée (asthma) ń lò, wọ́n gógó, ó sì ṣọ̀wọ́n.

Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ní kí gbogbo ènìyàn forúkọ sílẹ̀, síbẹ̀ àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń sanwó. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru á máa lo oògùn rẹ̀ ní ọjọ́ kan, á fo èkejì. Ẹni tó yẹ kó lo oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) fún ọjọ́ 7 á ra ti ọjọ́ 2. Kòkòrò tó kù lára rẹ̀ lè le sí i, ó sì lè ran ará ilé tí kò ra nǹkan kan. Ọjà kò ní ojú ìwé tó máa kọ ìyẹn sí. Ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé káàdì oògùn sí méjì, ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ á sì bá apá kan lọ.