Nọ́ọ̀tì mú, ṣùgbọ́n ríìmù ò bá ọkọ̀ mu

"Ihò márùn-ún ni, ihò márùn-ún náà ni. Á wọlé." Ohun tí ẹ máa gbọ́ nìyẹn bí ẹ bá lọ ra ríìmù áálọ́ì tòkunbọ̀ ní Ládipọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó. Bí ríìmù náà bá wá ń ha shọ́ọ̀kì, wọ́n á ní kí ẹ fi sípésà, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki sáàárín ríìmù àti họ́ọ̀bù tó ń gbé e, tì í síta. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ẹ̀ ni pé bí nọ́ọ̀tì bá ti mú, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, táyà sì ń tìdí ẹ̀ yọ lórí eré.

Ẹ wo ihò yẹn ná. Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó wá láti Amẹ́ríkà ní ihò márùn-ún, Camry náà ní márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí a bá fa òbírí gba àárín àwọn ihò náà, ti Corolla fẹ̀ ní mìlímítà 100, ti Camry fẹ̀ ní 114.3. Ti ọ̀pọ̀ Mercedes jẹ́ 112. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ 112 sí 114.3, nọ́ọ̀tì á sì fi tipátipá mú. Bó ṣe ń mú yẹn ló ń tẹ stud, ìyẹn ọ̀pá irin ara họ́ọ̀bù tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀. Ihò àárín náà tún wà: 60.1 ni ti Camry, 64.1 ni ti Accord. Ríìmù Accord á wọ Camry wọ̀ọ̀, àmọ́ bí kò bá sí rìǹgì tó dí àlàfo yẹn, ó lè má jókòó sí àárín gan-an, sítíárìn á sì máa gbọ̀n lórí eré. Nọ́ọ̀tì Honda, ìdí ẹ̀ rí rogodo. Ọ̀pọ̀ ríìmù ìta fẹ́ èyí tí ìdí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé stud ló ru ọkọ̀, bí ìṣó ṣe ń gbé àwòrán lára ògiri. Stud dà bí okùn tí a fà le ni. Bí ẹ bá fún nọ́ọ̀tì, stud á nà díẹ̀, á sì fa ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù. Ìfúnpọ̀ yẹn, irin lójú irin, ló ń gbé ẹrù. Ìpẹtà tàbí ọ̀dà tó nípọn láàárín wọn á jẹ́ kó dẹ̀. Sípésà sì tún fi ojú kan kún un.

Stud Camry nípọn ní mìlímítà 12, nọ́ọ̀tì sì ń wọlé ní mìlímítà 1.5 nínú ìyípo kan. Ó yẹ kó wọlé tó mìlímítà 12, ìyẹn ìyípo mẹ́jọ. Bí ẹ bá ki sípésà mìlímítà 5 sórí stud tó bá ọkọ̀ wá, ìyípo mẹ́ta àti díẹ̀ ti lọ. Ẹ fọwọ́ kà á kí ẹ tó gbé sípánà. Bí kò bá pé mẹ́jọ, ẹ wá stud tó gùn, tàbí kí ẹ yọ sípésà náà.

Mi ò sọ pé sípésà burú. Porsche fúnra wọn ti ta ọkọ̀ tó ní i. Èyí tó nípọn, tó ní stud tirẹ̀, tó sì gbá họ́ọ̀bù mú dáadáa, ṣeé lò: ẹ kọ́kọ́ fi torque wrench, sípánà tó ń fi Nm wọn agbára tí ẹ fi ń fún nọ́ọ̀tì, de òun fúnra ẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, kí ẹ tó gbé ríìmù lé e. Nọ́ọ̀tì ríìmù Camry ń fẹ́ 103 Nm.

Wọ́n tún ní sípésà ń jẹ́ kí ọkọ̀ di kọ́nà mú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fẹ̀ sí i. Àmọ́ ẹ wo ET, ìyẹn iye mìlímítà tí ojú tí ríìmù fi ń jókòó fi jìnnà sí àárín fífẹ̀ rẹ̀. Ríìmù ET45 tó gba sípésà mìlímítà 15 ti di ET30: bíárìn ń jìyà, gbogbo kòtò á sì máa fa sítíárìn mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tó ń lọ pápá eré ìje, kó ra ríìmù tí ET rẹ̀ bá ọkọ̀ mu láti ilé, tó fúyẹ́, èyí tí wọ́n fi òòlù ẹ̀rọ lù, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìkòkò irin. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá sá eré, kó jẹ́ kó tutù, kó tún nọ́ọ̀tì wò. Fún ojú ọ̀nà tiwa, ínṣì 16 tí táyà ẹ̀ ga ni mo fara mọ́ ju 19 tí táyà ẹ̀ pẹlẹbẹ lọ. Kòtò kan péré ló máa ń tẹ ètè ríìmù 19 yẹn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ẹ̀yìn ríìmù síta. Wọ́n máa ń kọ ET sára ẹ̀, ti Japan sì sábà máa ń ní JWL, àmì ìlànà Japan fún ríìmù áálọ́ì.