Èrè wà nínú ìwé, owó oṣù ò sí ní báńkì

Ilé-iṣẹ́ lè jèrè lọ́dún kó má sì rí owó oṣù san. Mo ń rí i ní Abuja níbí, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọjà àwìn fún ilé-ìwòsàn àti òtẹ́ẹ̀lì. Ọjà ti lọ, ínfọ́ìsì ti jáde, olùṣírò owó ti kọ èrè sílẹ̀, àmọ́ oníbàárà ní ó di ọjọ́ 60 kóun tó san. Àárín ọjọ́ 60 yẹn niṣẹ́ tèmi wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Rárá o. Owó ilé-iṣẹ́ ni mò ń bójú tó: ọjọ́ wo ló ń wọlé, ọjọ́ wo ló ń jáde. Láràárọ̀ mo máa ń wo iye tó wà nínú gbogbo àkáǹtì wa, kí n tó wá ṣí ìwé ọ̀sẹ̀ 13, ìyẹn ìṣirò owó ọ̀sẹ̀ 13 tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, ohun tó máa wọlé lókè, ohun tó máa jáde nísàlẹ̀. Bí oníbàárà wa ní Kano bá ní òun á san lọ́sẹ̀ yìí, tó sì jẹ́ pé ó máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni mo máa kọ ọ́ sí.

Owó ìjọba ló ń ká mi lára jù. Ẹ ta ọjà mílíọ̀nù 10 náírà, ẹ fi VAT (owó orí ọjà) 7.5% lé e, oníbàárà san 10,750,000. Ẹ̀yin ará, 750,000 yẹn kì í ṣe tiyín! Tẹ́ ẹ bá ti yọ VAT tẹ́yin náà san lórí ọjà tẹ́ ẹ rà kúrò, ìyókù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba, ó pẹ́ tán ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e. Owó orí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. Owó ìfẹ̀yìntì wọn, ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó oṣù. Síbẹ̀ dísù làwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fi owó yìí rà ní Idu, ọjà tuntun làwọn mìíràn ń fi í kó ní Wuse. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un, lọ́jọ́ tówó bá wọlé gan-an ni kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ síbẹ̀.

Bówó bá ṣẹ́ kù, treasury bill wà, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fúngbà díẹ̀, ti ọjọ́ 91, 182 àti 364. Iye tó dín lẹ máa fi rà á, ẹ ó sì gba iye tó kún lọ́jọ́ tó bá pé. Ó dáa, àmọ́ ẹ má torí èlé lọ fi owó oṣù tó ń bọ̀ há síbẹ̀.

Gbèsè dọ́là ńkọ́? Ní oṣù kẹfà 2023 tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fi iye dọ́là sílẹ̀ fún ọjà, náírà já wálẹ̀, gbèsè dọ́là ẹni tó ń fi náírà tajà sì wú láàárín ọjọ́ díẹ̀, láìjẹ́ pé ó yá kọ́bọ̀ sí i.

Tí ìwé ọ̀sẹ̀ 13 bá fi hàn pé owó máa tán ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kìíní ni kẹ́ ẹ ti gbé ìwé náà lọ bá mánijà báńkì yín fún ẹ̀yáwó. Tó bá di pé owó oṣù ku ọ̀la kẹ́ ẹ tó débẹ̀, iye èlé tí wọ́n bá ṣáà ti dá lé yín lẹ máa gbà.